Lẹ́tà Láti Ilé Bàbá

Ìgbà méjìdínlógún ni Fọláṣadé wọ ọkọ̀ láti Ìkìrun lọ sí Òṣogbo nítorí òfin yẹn, kò sì sí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn èèyàn sì gbà pé obìnrin tó bá ti dé ibẹ̀ yẹn, kó máa lọ sí ìsọjí, kó sì máa ṣàròyé orúnkún ló kù. Orúnkún ń dùn ún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣì ń kọ́ni, ó kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ wo Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan sì na ìka, ó ń ka orí àwọn tó jókòó nísàlẹ̀. Ó kà á dé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ní, "Mà, fìlà ni gbogbo wọn dé. Ta ló wá ń bá àwọn ìyá wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

Fọláṣadé kó àwọn ọmọ náà padà sílé ìwé. Àtọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń bá a kiri.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ òfin dà yín lọ́kàn rú. Ohun tí òun àti àwọn obìnrin bíi tirẹ̀ ń jà fún kò ju èyí lọ: kí wọ́n fi àga mẹ́sàn-án kún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jẹ́ ti obìnrin, kí ẹkùn ìdìbò ńlá kọ̀ọ̀kan sì dìbò yan ọ̀kan. Ìkìrun, Inísà, Òkúkù, Ìbà, Ìgbàyè àti àwọn ará Borípé ni yóò jọ ní ọ̀kan nínú wọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi yí i mọ́lẹ̀ bí ẹni ń yí àgbá òfìfo. Àbújá ní àfi Òṣogbo, Òṣogbo ní àfi Àbújá. Aṣòfin kan tiẹ̀ sọ fún un lójúkojú pé, "Màmá, ibo lẹ fẹ́ ká gbé àga yẹn sí? Yàrá wa ti kún."

Fọláṣadé ní, "Ẹ sún mọ́ra. Nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ wá, èèyàn mẹ́rin ló wà lórí àga ẹni mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó kú."

Ẹni tó ń bá a tẹ gbogbo ìwé rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ni Dáraolúwa. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni Dáraolúwa, ọmọ Òkúkù. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, Fọláṣadé sì lọ gbé e wá sí Ìkìrun. Fọláṣadé kò bímọ. Òun àti Oyèdélé ọkọ rẹ̀, ọmọ Inísà, wá ọmọ títí, wọn kò rí. Ọmọ yìí ló wá sínú ilé náà tó ń pè é ní Mọ́mì, tó ń fọ́ abọ́, tó ń ṣàìsàn ibà, tó ń bínú pé wọn kò ra bàtà fún òun. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kì í ṣe ọmọ rẹ̀, kó lọ bi àwọn aládùúgbò.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, àwọn méjèèjì jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń kọ ìwé tí Fọláṣadé yóò kà níwájú ìgbìmọ̀ tó ń gba ìmọ̀ràn aráàlú. Wọ́n ti dé ibi ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti díje. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yẹn máa ń gbóná lára Fọláṣadé. Kò tíì gbàgbé bí ọlọ́lá kan ṣe gbé ìyàwó rẹ̀ kẹta láti Èkó wá, tó ní òun ni aṣojú àwọn obìnrin àgbègbè náà. Obìnrin ọ̀hún kò mọ ọ̀nà Ìgbàyè yàtọ̀ sí ọ̀nà Ìbà.

Fọláṣadé ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin tí yóò bá díje gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ bíbí ẹkùn yìí. Kí baálé agbo ilé bàbá rẹ̀ fọwọ́ sí lẹ́tà pé òun mọ̀ ọ́n. Agbo ilé kan, lẹ́tà kan, ẹnìkan péré. N kò fẹ́ baálé tí yóò máa fọwọ́ síwèé bí ẹni ń pín ẹ̀pà."

Dáraolúwa dá ọwọ́ dúró. "Mọ́mì, àwọn tó ti relé ọkọ ńkọ́? Ẹni tí wọ́n bí ní ìlú kan tó lọ́kọ ní ìlú míì?"

"Ọmọ bíbí ni ọmọ bíbí. Ilé ọkọ kì í pa ilé bàbá run. Ẹni tó bá mọ ilé bàbá rẹ̀ kò lè sọnù. Tẹ̀ ẹ́."

Dáraolúwa tẹ̀ ẹ́. Àwọn ìgbìmọ̀ gbọ́ ọ, ó dùn mọ́ wọn, wọ́n sì gbé e bó ṣe rí sínú òfin. Nínú gbogbo ohun tí Fọláṣadé kọ lọ́dún mẹ́fà, ibẹ̀ yẹn nìkan ni wọn kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Ó máa ń fi yangàn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí òfin náà, àwọn obìnrin Ìkìrun jó dé iwájú ilé rẹ̀. Wọ́n ní òun ló gbin igi, òun ni yóò ká èso. Òun náà kò purọ́ fún ara rẹ̀: ó fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ jókòó sórí àga yẹn. Ó fẹ́ kí ọmọbìnrin tó na ìka lọ́jọ́ sí rí gèlè kan nísàlẹ̀, kí gèlè náà sì jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí pátì òṣèlú wọn kéde pé Òkúkù ni àga náà kàn ní àkọ́kọ́, Inísà yóò gbà á tẹ̀lé e, ẹ̀rín ló rín. Òkúkù kẹ̀, ìlú bàbá rẹ̀? Àgbàlá ibẹ̀ ló ti ta ayò ní kékeré. Baálé agbo ilé wọn, ta ni bí kò ṣe Ifáṣọlá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà, bàbá Dáraolúwa?

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ti fọ́ọ̀mù mọ́lé nígbà tó lọ sí Òkúkù. Ifáṣọlá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń rẹ́ èèpo igi tí yóò fi ṣe àgúnmu fún ẹnìkan. Fọláṣadé kúnlẹ̀ kí i. Ó bi í léèrè ilé, ó bi í léèrè oko, ó sì gbé fọ́ọ̀mù náà lé e lórí itan.

Ifáṣọlá kò wo fọ́ọ̀mù náà. Ó rẹ́ èèpo igi kan sí i, ó tún rẹ́ òmíràn.

Ó fi oríkì rẹ̀ pè é, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, mo ti fọwọ́ sí i."

"Ẹ ti fọwọ́ sí kí ni, Bọ̀dá mi? Òun ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá yìí."

"Lẹ́tà agbo ilé wa. Àwọn pátì wá síbí ní ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní ọ̀dọ́ làwọn ń wá. Mo ti fọwọ́ sí i fún Dára."

Fọláṣadé rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa. "Dára wo?"

"Dáraolúwa. Ọmọ mi."

Ọmọ mi. Ogún ọdún ló fi tọ́ ọmọ yẹn, kò sì gbọ́ kí Ifáṣọlá pè é bẹ́ẹ̀ rí láìkọ́kọ́ sọ pé "ọmọ wa." Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ síbẹ̀, orúnkún ń ro ó, kò sì rántí dìde.

Ó ní, "Ẹ ò pè mí. Ẹ̀yin ẹ ò pè mí, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ṣé èmi kì í ṣe ọmọ ilé yìí ni?"

Ifáṣọlá wá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ má fi ojú burúkú wò ó. Ó ní, "Nígbà tí ọkọ rẹ kú, mo rán àwọn obìnrin ilé wá láti mú ọ wálé. Mo ti gbá yàrá ìyá wa, mo ti tún òrùlé ibẹ̀ ṣe. Kí lo sọ fún wọn?"

Fọláṣadé mọ ohun tó sọ. Ó ti sọ fún wọn níwájú gbogbo ará Inísà pé, "Ibí ni ilé mi. Mi ò lè fi sàárè ọkọ mi sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Ẹ má wá pè mí mọ́." Ọ̀fọ̀ ló ń sọ ọ́ nígbà yẹn, ojú rẹ̀ kò rí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn.

Ifáṣọlá ní, "Wọ́n sọ ọ́ fún mi bó o ṣe sọ ọ́. Èmi kò bínú. Mo kàn ti ìlẹ̀kùn yàrá náà ni. Gbogbo Òkúkù ló mọ̀ ọ́ sí ìyàwó Inísà, Àbẹ̀kẹ́. Bí mo bá fún ọ ní lẹ́tà yìí, wọ́n á ní mo kó ìpín Òkúkù fún àna wa."

Kò bá a jà. Ó dìde, ó gbá eruku orúnkún rẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Inísà.

Adéníyì, àbúrò Oyèdélé, ló ń ṣe olórí ẹbí níbẹ̀ báyìí. Ọmọ ilé ìwé ni nígbà tí Fọláṣadé ṣe ìyàwó wọlé, àwọn obìnrin ilé ọkọ kì í sì í pe àbúrò ọkọ wọn lórúkọ, nítorí náà Akọ̀wé ló sọ ọ́. Akọ̀wé ti hu ewú báyìí. Inú rẹ̀ dùn láti rí i, ó gbé àga fún un, ó bu omi tútù. Fọláṣadé ro ẹjọ́ náà fún un látòkèdélẹ̀, ó ní kí àwọn ará Inísà bá òun sọ fún pátì pé àwọn mọ òun, pé ogójì ọdún lé ni òun ti jẹ́ ìyàwó àwọn.

Adéníyì mi orí títí. Ó ní, "Ìyàwó, ẹni tó bá ní ẹ kì í ṣe ìyàwó wa, a ó jọ wọ̀yá ìjà ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Lọ́nà kìíní, Òkúkù ni àga yìí kàn. Lọ́nà kejì, kódà kó jẹ́ Inísà ló kàn, ọmọ bíbí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n ní agbo ilé bàbá. Ìyàwó kò sí níbẹ̀." Ó pòṣé. "Ta ló tiẹ̀ kọ irú nǹkan báyìí? Ẹni tó kọ ọ́ kò ro tàwọn ìyàwó ilé mọ́ ọn rárá."

Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Fọláṣadé mu omi tó wà nínú ife náà tán, ó dúpẹ́, kò sì lè sọ pé òun ló kọ ọ́.

Kó tó kúrò ní Inísà, ó yà síbi sàárè Oyèdélé lẹ́yìn ilé. Koríko ti yọ létí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fà á tu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sí ilé ìwé. "Ṣé o rí mi?" ló ń wí. "Ṣé o rí mi, Oyè? Wọ́n ní n kì í ṣe ti ibí, wọ́n ní n kì í ṣe ti ọ̀hún."

Nígbà tó padà dé Ìkìrun, Dáraolúwa ti wà nílé. Bàbá rẹ̀ ti pè é lórí fóònù. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín pálọ̀, ojú rẹ̀ ti wú.

Ó ní, "Mọ́mì, mo rò pé Bàbá ti sọ fún yín." Lẹ́yìn náà ó gbọn orí. "Irọ́ ni mo pa. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Àwọn pátì ní bí kì í bá ṣe ọ̀dọ́, àwọn ò gbà. Mo sì fẹ́ ẹ, Mọ́mì. Àtìgbà tí mo ti ń tẹ àwọn ìwé yẹn fún yín ni mo ti fẹ́ ẹ."

Fọláṣadé jókòó. Ó ní, "Lọ́jọ́ yẹn, o béèrè lọ́wọ́ mi."

"Mo béèrè, mà."

"Mo ní kó o tẹ̀ ẹ́."

Dáraolúwa bú sẹ́kún. "Màá yọwọ́. Màá lọ sí Òṣogbo lọ́la, màá ní mi ò ṣe mọ́."

Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Fọláṣadé wo ọmọ náà, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ débi pé fún ìṣẹ́jú kan, ó fẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ó fẹ́ kó yọwọ́, kí gbogbo wọn jọ pàdánù. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀.

Ó ní, "Bó o bá yọwọ́, ta ni wọ́n á gbé síbẹ̀?"

"Ọmọ alága wọn."

"Ṣé ó wá sí ìjókòó kankan rí?"

"Rárá, mà."

"Ṣé ó mọ ìdí tí àga fi di márùndínlógójì?"

Dáraolúwa gbọn orí.

Fọláṣadé fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú ara rẹ̀. "Dìde. Dúró síbẹ̀ yẹn, lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Ká ní èmi ni ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò. Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" Dáraolúwa dìde, ó fi omijé sọ̀rọ̀, Fọláṣadé dá a dúró, ó ní kó tún un sọ. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn títí dọjọ́ ìdìbò abẹ́lé. Bí ọmọ náà bá ti sọ ọ́ dáadáa, ìyá rẹ̀ á dìde lọ sẹ́yìn ilé bí ẹni fẹ́ lọ wo aṣọ tó sá.

Dáraolúwa wọlé. Ní ìdìbò gbogboògbò, Ìkìrun dìbò fún un, Inísà dìbò fún un, Òkúkù sì ni tiẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fọláṣadé fi orúnkún tó ń dùn ún rìn láti ojúlé dé ojúlé nítorí rẹ̀. Ibikíbi tó bá dé, wọ́n á ní, "Màmá, ẹ̀yin la rò pé yóò jáde," òun á sì ní, "Kí ni ìyàtọ̀ ńbẹ̀? Ọmọ mi kọ́?"

Ó wá ku ọjọ́ ìbúra. Dáraolúwa ti wà ní Òṣogbo láti ọjọ́ tó ṣáájú. Òkúkù háyà bọ́ọ̀sì kan fún àwọn ẹbí Dáraolúwa, Inísà háyà tiwọn nítorí pé àwọn ni yóò gbà á tẹ̀lé e. Bọ́ọ̀sì méjèèjì ni yóò gba Ìkìrun kọjá. Fọláṣadé kò bi ẹnikẹ́ni pé èwo ni òun máa wọ̀. Ó rò pé èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni, pé bóyá wọ́n á tiẹ̀ du òun mọ́ra wọn lọ́wọ́. Nígbà tó di aago méje àárọ̀, ó ti wà létí títì, gèlè rẹ̀ dúró ṣánṣán, ìwé òfin náà wà nínú báàgì rẹ̀. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà níbẹ̀ fún un ní bẹ́ǹṣì jókòó.

Bọ́ọ̀sì Òkúkù ló kọ́kọ́ dé, orin ń dún kíkankíkan nínú rẹ̀. Fọláṣadé dìde, ó na ọwọ́. Àwọn obìnrin ilé rí i, inú wọn dùn, wọ́n ń juwọ́. Ọ̀kan yọ orí lójú fèrèsé, ó ń pariwo, "Ẹ kú ìmúra o, Màmá! Bọ́ọ̀sì Inísà yín ti ń bọ̀ lẹ́yìn!" Ọkọ̀ náà kò dúró. Ifáṣọlá wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ó gbé ọwọ́ sókè sí i, ó sì kọjá lọ.

Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí ti Inísà tó dé. Èyí dẹwọ́ eré díẹ̀. Adéníyì yọ orí síta, ó ní, "Ìyàwó! Ṣé àwọn èèyàn yín ò tíì dé ni? Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yára o, wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni níbẹ̀!" Kí Fọláṣadé tó la ẹnu, ọkọ̀ ti gba iwájú lọ.

Bọ́ọ̀sì èrò kún ojú títì náà. Ọ̀kan dúró níwájú rẹ̀ gan-an, ó ń pe Òṣogbo, Òṣogbo, ẹnìkan ló kù. Ìgbà méjìdínlógún ló ti dá wọ̀ ọ́ lọ. Lónìí, ó kàn fẹ́ kí ẹnìkan mú òun lọ ni. Kò wọ̀ ọ́. Ó padà jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Oòrùn ti mú nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Dáraolúwa ni, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ariwo èèyàn pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Mọ́mì, ó kù díẹ̀ kó kàn mí. Mo wòkè, mi ò rí yín. Àwọn ará Òkúkù ní ẹ wà lọ́dọ̀ àwọn ará Inísà. Àwọn ará Inísà ní ẹ wà lọ́dọ̀ àwọn ará Òkúkù. Níbo lẹ jókòó sí?"

Fọláṣadé fi ọwọ́ kejì di etí kí ìró ọkọ̀ má baà wọnú fóònù. Ó ní, "Ẹ̀yìn ni mo wà, Dára. Ẹ̀yìn pátápátá. O ò lè rí mi láti ibẹ̀ yẹn."

"Ṣé ẹ̀ ń rí mi?"

"Mò ń rí ọ. Gèlè rẹ dára. Gbé orí sókè, kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ."

Ó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ ọmọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, àti Òkúkù. Àtẹ́wọ́ sọ, fóònù sì kú. Fọláṣadé gbé e létí síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì tú gèlè, ó ká a sórí itan.

Ọkùnrin tó ń lẹ táyà ti ń wò ó látàárọ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sún mọ́ ọn. "Ẹ má bínú o, mà. Ọkọ̀ ibo lẹ̀ ń dúró dè gan-an? Kí n bá yín dá a dúró."

Fọláṣadé la ẹnu láti sọ fún un, kò sì rí ìlú kankan tí yóò dárúkọ.